Ẹ Béèrè Nípa Eyín Yín: Bí Aláìsàn Ṣe Lè Jókòó Sórí Àga Dókítà Eyín Láìgbọ̀n

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé láti ìgboro Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò béèrè oògùn rárá. Ẹ̀rù ni wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀: ẹ̀rù abẹ́rẹ́, ẹ̀rù ariwo ẹ̀rọ, ẹ̀rù ohun tí ojú wọn ti rí nígbà kan rí. Mo yan díẹ̀ nínú wọn láti dáhùn lóṣù yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mọ ohun kan kí a tó bẹ̀rẹ̀: ìrora kì í ṣe owó orí tí aláìsàn gbọ́dọ̀ san kí eyín rẹ̀ tó lè sàn. Ìrọ̀rùn aláìsàn wà lára iṣẹ́ tí ó sanwó fún, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà wa. Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Gbági. Nígbà tí mo lọ yọ eyín ẹ̀yìn kan, wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò mú mi rárá. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń fa eyín náà ni mo ń mọ̀ ọ́n lára, mo pariwo títí àwọn tó jókòó síta fi gbọ́. Ní báyìí, eyín mìíràn ti lu ihò, ó sì ti ń ro mí lóròòru, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ gbé mi lọ. Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ni kò gba abẹ́rẹ́ ni? — Ìyá Aláṣọ, Gbági.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìrójú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú, ó sì ní àwọn ìdí tí a mọ̀, èyí tí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn gbà tàbí kò gbà.

Oògùn tí a sábà máa ń lò láti mú kí ẹnu kú ni lignocaine, tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ṣẹ̀dá ní orílẹ̀-èdè Sweden ní ọdún 1943, tí ó sì di ohun tí àwọn dókítà ń rí rà ní 1948. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí ọ̀nà mọ́ iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora láti inú eyín lọ sínú ọpọlọ. Kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ yìí, ó gbọ́dọ̀ wọ inú iṣan náà. Bí eyín bá ti jẹrà dé ìdí, tí abẹ́ rẹ̀ ti wú tí ó sì ti ń ṣe ọyún, omi ara tó wà níbẹ̀ á ti kan bí ásíìdì, kíkan yìí ni kì í sì í jẹ́ kí oògùn rí ọ̀nà wọ inú iṣan bó ti yẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn gba ibi tó wú náà tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì máa ń gbé oògùn náà lọ kí ó tó ṣiṣẹ́ tán. Ìdí nìyí tí àwọn tó bá fara da eyín ríro títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn fi wú fi ń jìyà lórí àga ju àwọn tó tètè wá lọ. Ẹ̀rù ló dá wọn dúró sílé, ìdúró náà ló sì sọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù di òótọ́.

Ìdí mìíràn ni àkókò. Egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ le ju ti òkè lọ, oògùn kì í gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ iṣan ńlá tó wọ inú egungun náà lẹ́yìn pátápátá ni a ti máa ń gún abẹ́rẹ́ fún eyín ẹ̀yìn ìsàlẹ̀. Irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gbà tó ìṣẹ́jú 5, nígbà míràn ó lè tó 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó mú dáadáa, ètè sì lè ti kú kí eyín fúnra rẹ̀ tó kú. Níbi tí èrò bá ti pọ̀ níta tí dókítà sì ń kánjú, ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ̀nyí ni wọ́n máa ń gé kúrò, aláìsàn ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí abẹ́rẹ́ tí a fi sùúrù gún ṣe máa ń rí, kí ẹ lè dá a mọ̀ nígbà tí ẹ bá rí i. Dókítà á kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀sì nu erìgì yín gbẹ, nítorí pé itọ́ máa ń ṣan oògùn nù. Á wá mú òwú kékeré tó ti fi kan oògùn ìpara kan tó ń mú kí ojú ara kú, á gbé e sí ojú ibi tí ó fẹ́ gún gẹ́lẹ́, á sì jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 sí 2. Bí wọ́n bá kàn fi òwú náà kan erìgì tí wọ́n sì gún abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀, asán ni òwú náà. Lẹ́yìn èyí, á fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín le díẹ̀, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín á sì wọlé. Ohun tó máa ń dun ènìyàn jù níbẹ̀ ni oògùn tí wọ́n bá fi ipá tì wọ inú ẹran ara tó há. Ẹnu abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ kì í dun ni tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n máa tì í. Ìgò oògùn kékeré kan, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílílítà 2 lọ, yẹ kí ó gbà tó ìṣẹ́jú kan, ó sì dára bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí wọ́n tó mú irin ìfayín, dókítà á fi ohun èlò kan tẹ erìgì yíká eyín náà, á sì bi yín bí ó ṣe rí lára yín. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń dàrú. Abẹ́rẹ́ máa ń pa ìrora, kì í pa mímọ̀ pé wọ́n ń tẹ nǹkan tàbí pé wọ́n ń tì í. Ẹ ó mọ̀ pé wọ́n ń mi eyín náà, etí yín á gbọ́ bí ó ṣe ń dún nínú egungun, èyí kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ta yín, tí ó ń gún yín tàbí tí ó ń jó yín, ìrora nìyẹn. Kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n fún yín ní oògùn sí i, kí wọ́n sì dúró kí ó mú.

Báwo ni ẹ ó ṣe sọ fún wọn nígbà tí ẹnu yín là sílẹ̀? Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá dókítà ṣe àdéhùn pé bí ẹ bá na ọwọ́ òsì sókè, á dúró. Mo dárúkọ ọwọ́ òsì nítorí pé apá ọ̀tún aláìsàn ni ọ̀pọ̀ dókítà máa ń jókòó sí, a kò sì fẹ́ kí ọwọ́ yín gbá ọwọ́ tó mú irin. Ọ̀pọ̀ aláìsàn tó bá ti ní àmì yìí kì í tilẹ̀ lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n á na ọwọ́ láti mọ̀ bóyá dókítà á dúró lóòótọ́, bí ó bá sì ti dúró, ara wọn á balẹ̀.

Nítorí náà, ìyá wa, ẹ lọ kí eyín tuntun yìí tó wú. Ihò tí kò tí ì jinlẹ̀ púpọ̀, dídí ni wọ́n máa dí i, wọ́n lè má yọ eyín náà rárá. Bí ẹ bá ti jókòó, kí dókítà tó gbé ohunkóhun, ẹ sọ fún un pé: “Dókítà, abẹ́rẹ́ kò mú mi nígbà tó kọjá, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an.” Bí ó bá gbọ́ èyí, á mọ̀ pé ó yẹ kí òun gún abẹ́rẹ́ náà jìnnà sí ibi tó bá wú, tàbí kí òun fi kún un ní ẹ̀gbẹ́ eyín, tàbí kí òun kọ́kọ́ la ọyún jáde kí òun sì yan ọjọ́ mìíràn fún yíyọ. Dókítà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bí nínú, ẹ dìde lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn lọ.

Títí ẹ ó fi dé ibẹ̀, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni bá yín da omi bátìrì tàbí epo bẹntiróòlù sínú ihò náà. Ásíìdì ni omi bátìrì, ó ń jó erìgì àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì lọ ásípírìn kí ẹ gbé e lé erìgì, bíbó ni yóò bó o. Bí kò bá sí ohun tó ní kí ẹ má lo parasítámọ́ọ̀lù, ẹ lè lo 2 nínú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 500, kí ó tó wákàtí 4 sí 6 kí ẹ tó tún lo òmíràn, kí gbogbo rẹ̀ má sì ju 8 lọ láàárín wákàtí 24.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi tó ń gbé ní London sọ fún mi lórí fóònù pé afẹ́fẹ́ kan ni wọ́n ní kí òun máa fà símú lọ́dọ̀ dókítà eyín tí gbogbo ìbẹ̀rù òun fi lọ. Ṣé irú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn? Bí kò bá sí, ṣé mo lè lo oògùn oorun kí n tó lọ? — Bàbá Ìbejì, Bódìjà.

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, nitrous oxide ni orúkọ afẹ́fẹ́ náà, ọ̀rọ̀ eyín gan-an ló sì sọ ọ́ di ohun ìtọ́jú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1844, dókítà eyín kan ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, Horace Wells, fa afẹ́fẹ́ yìí símú, ó sì jẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan yọ eyín lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Lóde òní, a máa ń pò ó mọ́ ọ́síjìn, a sì ń fi ìbomú kékeré kan gbé e fún aláìsàn. Kì í mú kí ènìyàn sùn. Aláìsàn á wà lójúfò, á máa dáhùn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á fúyẹ́, ọkàn rẹ̀ kò sì ní máa sáré mọ́. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á fún un ní ọ́síjìn nìkan fún bí ìṣẹ́jú 5, ojú rẹ̀ á sì dá. Kò rọ́pò abẹ́rẹ́, ó kàn ń mú kí abẹ́rẹ́ ṣeé gbà ni. Kì í ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ọ̀fìnkìn ti dí nímú, a kì í sì í lò ó fún aláboyún ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ní ti Ìbàdàn, ẹ pe ilé ìwòsàn tí ẹ fẹ́ lọ kí ẹ tó gbéra, nítorí pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ní ẹ̀rọ náà àti ẹni tó kọ́ lílò rẹ̀. UCH, tí ó ti ń tọ́jú àwọn ènìyàn láti 1957, ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín tirẹ̀, dókítà yín lè kọ lẹ́tà fún yín láti lọ síbẹ̀ bí ìbẹ̀rù yín bá pọ̀ débi pé ìtọ́jú lásán kò ṣeé ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra oògùn oorun fúnra yín. Dókítà lè fún aláìsàn tí ẹ̀rù ń bà púpọ̀ ní oògùn tí ń mú ara balẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó mọ ìwọ̀n tí ó bá ọjọ́ orí àti àìsàn tó wà lára ènìyàn mu, ẹni tó bá sì lò ó kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ tàbí gun ọ̀kadà lọ sílé ní òun nìkan. Bákan náà ni ọtí. Ẹni tó bá mu ògógóró kí àyà rẹ̀ lè le ń da iṣẹ́ rú fún ara rẹ̀, nítorí pé dókítà kò ní lè mọ ohun tí oògùn ń ṣe yàtọ̀ sí ohun tí ọtí ń ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làálàá. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, kò jẹ́ kí wọ́n wo inú ẹnu rẹ̀. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó ké, ó ta, ó sì bu ìka nọ́ọ̀sì jẹ. Bàbá rẹ̀ ní bí a bá tún lọ, kí ọkùnrin méjì dì í mọ́lẹ̀ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn. Ọkàn mi kò gbà á. — Ìyá ọmọ, Apẹ̀tẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ìyá ọmọ, mo bá ọkàn yín ṣe ọ̀kan. Bí ojú ọmọ bá ti wú, tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí kò lè gbé nǹkan mì, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nìyẹn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, àwọn dókítà á sì mọ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú rẹ̀ láìséwu. Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí láti fi ipá dì í mú. Ọmọ tí wọ́n bá dì mọ́lẹ̀ ní ọdún 6 á rántí rẹ̀ ní ọdún 40.

Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, ìbẹ̀rù pẹ̀lú, inú ilé ni ó ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, dókítà ni a fi ń dẹ́rù ba ọmọ tó ń ṣe agídí: “Bí o kò bá jẹun, dókítà á gún ẹ lábẹ́rẹ́!” Ọmọ náà gbà yín gbọ́. Nígbà tí ẹ bá wá mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà lóòótọ́, kí ni ẹ fẹ́ kí ó rò? Ẹ fi òpin sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti òní lọ, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ìyá àgbà náà fi òpin sí i. Ẹ má sì sọ fún un pé “kò ní dùn ẹ́ rárá,” nítorí bí ó bá dùn ún díẹ̀, kò ní gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ mọ́. Ẹ kàn sọ pé dókítà fẹ́ ka eyín rẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ síbẹ̀.

Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ pé ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ yìí, kíka eyín nìkan ni. Ọ̀nà kan wà tí àwọn dókítà eyín ọmọdé ti ń lò láti ọdún 1959 tí dókítà kan ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀: kí a sọ ohun tí a fẹ́ ṣe, kí a fi hàn, lẹ́yìn náà kí a ṣe é gẹ́gẹ́ bí a ti sọ. Dókítà á mú dígí kékeré, á fún ọmọ náà kí ó fi wo ìka ara rẹ̀. Á fẹ́ afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀rọ sí èékánná rẹ̀ kí ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ lásán ni. Á wá ní kí ó ya ẹnu, á máa ka eyín sókè, “ení, èjì, ẹ̀ta,” pẹ̀lú ohùn kan náà, bí ó bá sì ti kà á tán, ó tó, kí wọ́n máa lọ sílé. Ìgbà mìíràn ni wọ́n á fọ eyín náà, ìgbà mìíràn ni wọ́n á dí i. Ẹ lè rò pé èyí ń fi owó ọkọ̀ ṣòfò, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gba ọ̀nà yìí wọlé kì í sábà bẹ̀rù àga náà mọ́.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ mú un lọ, nígbà tí ó ti sùn dáadáa. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó máa bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá wà lórí àga, kí ẹni náà sì jẹ́ dókítà; bí ìyá, bàbá àti nọ́ọ̀sì bá ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀, orí ọmọ á dàrú. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ máa mí jẹ́jẹ́, òun náà á máa wo ojú yín. Bí wọ́n bá sì fún un ní abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹ ṣọ́ ètè rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọdé máa ń jẹ ètè tó kú náà bí ẹni ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù títí yóò fi dá egbò.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ: kí ọmọ tó pé ọdún kan ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rí dókítà eyín. Orí itan ìyá rẹ̀ ni yóò wà, kò sí ohun tó máa dùn ún, àga náà á sì di ohun tí ojú rẹ̀ mọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti lé ní ẹni 70 ọdún. Dókítà ní kí n yọ eyín òkè kan, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ mi ní bí wọ́n bá yọ eyín òkè, ojú á fọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára mi, mo sì ń lo oògùn rẹ̀. Ṣé kí n dá a dúró lọ́jọ́ náà? — Bàbá Àgbà, Ọjà'ba.

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró o. Ẹ lò ó ní àkókò tí ẹ máa ń lò ó, ẹ jẹun òwúrọ̀ yín, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan wá kí dókítà lè fojú ara rẹ̀ rí wọn. Bí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bá wà nínú wọn, ẹ má dá a dúró fúnra yín, dókítà tó kọ ọ́ fún yín ni yóò sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá wà ní 180 lórí 110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sún iṣẹ́ tí kò jẹ́ pàjáwìrì síwájú, ẹ má jẹ́ kí èyí bí yín nínú, ẹ̀mí yín ni wọ́n ń ṣọ́. Ìrora àti ìbẹ̀rù fúnra wọn máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, nítorí náà abẹ́rẹ́ tó mú dáadáa ṣe pàtàkì fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ má yára dìde. Ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ tó na ẹsẹ̀, nítorí pé díẹ̀ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú kí òòyì kọ́ ẹni tó bá ti ìdùbúlẹ̀ dìde lójijì.

Ní ti ojú, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára eyín òkè yàtọ̀ pátápátá sí iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ. Yíyọ eyín kì í fọ́ ojú. Mo mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi gbà á gbọ́: ọjọ́ orí tí eyín máa ń mì ni ojú náà máa ń rẹ̀wẹ̀sì, nítorí náà ẹni tó bá yọ eyín lónìí, tí ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn ní ọdún tó ń bọ̀, á fi ọ̀kan mọ́ èkejì. Eyín òkè tó ń ṣe ọyún tí a fi sílẹ̀ ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù, nítorí pé àìsàn inú rẹ̀ lè ràn dé àyíká ojú.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àgbówó. Bí wọ́n bá ti fi nǹkan kan ẹ̀yìn ahọ́n mi ni èébì á máa gbé mi, ariwo ẹ̀rọ ìgbẹ́yín sì máa ń mú mi gbọ̀n.

ÌDÁHÙN: Sọ fún dókítà kí ó jẹ́ kí o jókòó sókè díẹ̀, má ṣe dùbúlẹ̀ pátápátá. Máa gba imú mí, díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gbé ọ, gbé ẹsẹ̀ kan sókè kúrò lórí àga kí o sì jẹ́ kí ó dúró sókè. Gbogbo ọkàn rẹ á lọ sọ́dọ̀ ẹsẹ̀ náà, ọ̀fun rẹ á sì rọ̀. Má jẹ àmàlà àjẹyó kí o tó lọ. Ní ti ariwo, ẹ̀rọ yẹn máa ń yí ju ìgbà 300,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdí nìyẹn tí ó fi ń hu, eré rẹ̀ ló sì ń jẹ́ kí iṣẹ́ yá. Omi tó ń tú jáde lára rẹ̀, títu eyín lára ni, kí ó má baà gbóná. Gba àyè lọ́wọ́ dókítà kí o fi ohun ìgbọ́rọ̀ fóònù rẹ sí etí kan, kí o máa gbọ́ orin tí o fẹ́ràn, kí etí kejì wà fún ohun tí dókítà ń sọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo lóyún oṣù 5, eyín ń ro mí. Ìyá ọkọ mi ní kí n fara dà á títí n ó fi bí. — Aláboyún, Mọ́níyà.

ÌDÁHÙN: Ẹ má fara dà á. Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni ó rọrùn jù láti tọ́jú eyín aláboyún, a sì lè lo abẹ́rẹ́ lignocaine fún un. Ẹ sọ iye oṣù yín fún dókítà, kí ẹ sì béèrè ìrọ̀rí kékeré tí ẹ ó fi sí abẹ́ ìbàdí ọ̀tún kí ara yín lè tẹ̀ sí apá òsì, kí ilé ọmọ má baà tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá mọ́lẹ̀ kí òòyì sì kọ́ yín. Ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún ìyá wa pé àìsàn tó ń jà nínú eyín léwu fún yín ju ìtọ́jú rẹ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn eyín kékeré kan ní agbègbè Mọ́kọlá. Ọ̀gá wa fẹ́ kí ara àwọn aláìsàn máa balẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí owó ẹ̀rọ tuntun. Kí ni a lè ṣe?

ÌDÁHÙN: Lẹ́tà yìí dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí pé ibi tí ẹ wà gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wà. Aláìsàn ti bẹ̀rù tán kí ó tó rí dókítà. Orí bẹ́ǹṣì ìta ni ó ti ń gbọ́ igbe ẹni tó wà nínú, ojú fèrèsé ni ó ti ń rí irin tí ẹ tẹ́ sílẹ̀. Ẹ pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ fi aṣọ funfun bo àwo irin títí dókítà á fi fẹ́ lò ó, kí ó sì máa gba ẹ̀yìn aláìsàn mú un wá. Bí dókítà bá pẹ́, ẹ jáde lọ sọ fún wọn bí ó ṣe máa pẹ́ tó. Ẹni tó mọ̀ pé ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ń jókòó ju ẹni tí kò mọ nǹkan kan lọ.

Ẹ dá àwọn tí ẹ̀rù ń bà jù mọ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ìwé ìbéèrè 5 kan wà tí àwọn onímọ̀ ti ń lò láti 1995. Ó ń béèrè bí yóò ṣe rí lára ènìyàn bí ó bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín lọ́la, bí ó bá jókòó níbi tí wọ́n ti ń dúró, bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ eyín rẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ fọ̀ ọ́, àti bí wọ́n bá fẹ́ gún un ní abẹ́rẹ́ nínú erìgì. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì 1 sí 5, àròpọ̀ rẹ̀ sì wà láàárín 5 àti 25. Ẹni tó bá ní 19 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ẹ lè bi wọ́n ní Yorùbá láìlo ìwé rárá, bí ẹ ṣe ń kọ káàdì wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀, kí ó má jókòó máa ro ìnira títí di ọ̀sán.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì lẹ mọ bí a ṣe ń kí ènìyàn. “Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ kú ìrìn, ṣé ọkọ̀ rọrùn láti Òjé?” Ẹni tí ẹ bá kí báyìí á mí kanlẹ̀. Ẹ̀yin náà ni ó yẹ kí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ń wọlé, kí ẹ gbé ọwọ́ lé e ní èjìká, bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù ni bí aláìsàn ṣe ń lọ sílé. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń fún ẹni tó yọ eyín ní ìwé tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni náà sì lè máà mọ̀ ọ́n kà, tàbí kí ojú ìrora má jẹ́ kí ó kà á. Ẹ fi ẹnu sọ ọ́ fún un, kí òun náà sọ ọ́ padà fún yín: kí ó di eyín lé gọ́ọ̀sì fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ó má yọ ẹnu títí wákàtí 24 fi kọjá, lẹ́yìn èyí kí ó máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ó ní iyọ̀ yọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí ó má mu sìgá, kí ó má fi agbára fa nǹkan mu, kí ó má tutọ́ lemọ́lemọ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ dídì tó bo ihò náà ni oògùn rẹ̀. Kí ó jẹ ẹ̀kọ tàbí àmàlà tó ti tutù pẹ̀lú ewédú tí ata rẹ̀ kò pọ̀. Kí ó lo oògùn ìrora àkọ́kọ́ kí ẹnu rẹ̀ tó jí tán, kí ìrora má baà ṣáájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ sì tún pè é ní ọjọ́ kẹta. Owó ìpè náà kéré. Ẹ bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dá, bóyá ó ti jẹun, bóyá ìrora ń dínkù. Bí ó bá ní ìrora náà ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀ kí ó tó tún padà dé pẹ̀lú agbára, tí ó ń ta dé etí, tí ẹnu rẹ̀ sì ń rùn, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ihò náà ti ṣí kúrò. Ẹ má ní kí ó fara dà á. Ẹ ní kí ó padà wá lọ́jọ́ náà, kí dókítà fọ ihò náà, kí ó sì fi oògùn sí i. Ìrora náà sábà máa ń lọ sílẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn èyí. Ẹ má sì jẹ́ kí ó tò sí ẹ̀yìn èrò bí ó bá dé.